Ṣé ká jẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù lè fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ inú rẹ̀, àbí kó kàn máa kà á?

AfìkaKọ̀wé
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbà mí lámọ̀ràn o. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe géèmù RPG kan, irú èyí tí èèyàn ti máa ń di akọni inú ìtàn. Akọni inú rẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé sí: àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fún un, àwọn tó gbà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti kọ 64 nínú àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí. Kíkà nìkan ni wọ́n wà fún. O kà á, o pa á dé, o bá tìẹ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sẹ́yìn ẹnì kan tó ń bá wa dán an wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá odò tán ni àtẹ̀jíṣẹ́ Sẹ̀wà, àbúrò akọni wa, wọlé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti débẹ̀? Mi ò tíì sùn." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó yẹ gbogbo igun wò, ó ń wá ibi tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ó wá yíjú sí mi: "Ibo ni mo ti máa sọ fún un pé mo ti dé?" Mo ní kò síbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Wákàtí méjì ló tún lò lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ṣí àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ n gbádùn. Ẹni tó ń yàwòrán fún wa ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ àṣedànù ni. Kí lẹ rí sí i?

Ìràwọ̀Òru
Ẹni tó dán an wò yẹn ti dá ẹ lóhùn kó o tó béèrè lọ́wọ́ wa.

Ó ti ṣe mí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nínú Mass Effect 2 (2010), Kelly Chambers, ẹ̀dá inú géèmù náà tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́, á ní àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun ti wọlé sí kọ̀ǹpútà ẹ. Mo máa ń sáré lọ wò ó ni. Ó lè jẹ́ ẹni tí mo ràn lọ́wọ́ nínú géèmù àkọ́kọ́, ti 2007, ló kọ̀wé. Mo kà á, ara mi yá gágá. Kí ló kù? Kí n pa á dé ni. Ọ̀gágun tó ń bá gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run jiyàn lójúkojú, kò lè kọ "ẹ ṣeun" sí ìmeèlì!

Skyrim (2011) náà ńkọ́? Oníṣẹ́ á sáré bá ẹ níbi yòówù kó o wà, á ní ọwọ́ ìwọ gan-an ni wọ́n ní kí òun fi í lé. Ó lè jẹ́ ìwé ogún, ẹni tó o bá ṣọ̀rẹ́ ti kú, ó fi owó sílẹ̀ fún ẹ. Oníṣẹ́ yìí mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi, àmọ́ kò mọ ọ̀nà padà. Èyí tó dùn mí jù ni Stardew Valley (2016). Ìyá ẹ á kọ lẹ́tà sí ẹ, á tún fi ẹ̀bùn sí i, o ò sì ní fi ìlà kan ránṣẹ́ padà láéláé. Géèmù yẹn sọ mí di ọmọ burúkú láìṣẹ̀ láìrò.

Ọmọ_Kóńsóòlù
Èsì ti kí ni? Idà ló wà lọ́wọ́ mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti ju ìlà mẹ́ta lọ, mi ò kà á. Ẹ fi àkókò yẹn tún ìjà ṣe.

Àgbà_Kíbọ́ọ̀dù
Ọmọ_Kóńsóòlù, má bínú o, bíbá ẹ̀dá inú géèmù sọ̀rọ̀ ti wà kí ìjà tó o fẹ́ràn yẹn tó dùn ún wò. Ultima IV jáde ní 1985. Kò sí pé ò ń yan èsì nígbà náà, ìwọ fúnra ẹ lo máa tẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. O tẹ NAME, ó sọ orúkọ. O tẹ JOB, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ohun tó sọ lo ti máa ṣa ọ̀rọ̀ mìíràn tó o máa fi bi í. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà sì ni ẹ̀rọ ń wò. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sí, èèpo rẹ̀ ti já tán kí n tó dé òpin. Fallout àkọ́kọ́ (1997) náà fàyè sílẹ̀ tó o lè tẹ ọ̀rọ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èsì tó o máa yàn. Nígbà tó fi di Morrowind (2002), wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún ẹ, o kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni.

Kí ló fà á tí títẹ ọ̀rọ̀ fúnra ẹni fi kásẹ̀ nílẹ̀? O tẹ ọ̀rọ̀ gidi, ẹ̀dá yẹn ní òun ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ lórí ìyẹn. O tún un tẹ̀ lọ́nà mìíràn, ó tún sọ bákan náà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, o ti mọ̀ pé ògiri lò ń bá sọ̀rọ̀.

AfìkaKọ̀wé
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ pé a fún wọn ní èsì mẹ́ta kí wọ́n mú ọ̀kan ńkọ́?

ẸyẹÀárọ̀
Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ báyìí nìyẹn. Persona 5 (2016 ní Japan, 2017 níbòmíràn) ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Àwọn ọ̀rẹ́ akọni máa ń jọ tàkúrọ̀sọ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ń wọlé lura wọn, ẹlòmíràn ń dá sí i láì pè é, ìwọ náà á yan gbólóhùn kan láàárín méjì tàbí mẹ́ta. Púpọ̀ nínú gbólóhùn wọ̀nyẹn ò yí ohunkóhun padà. Síbẹ̀, tí fóònù yẹn bá ti dún, ọkàn mi á fò. Honkai: Star Rail (2023) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ á máa ránṣẹ́ sí ẹ lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, ìwọ á yan èsì, nígbà míì èsì àpárá.

Èyí tó gbọ́n jù lójú mi kì í tiẹ̀ ṣe RPG. Emily Is Away (2015) ni. O máa yan ohun tó o fẹ́ sọ, o wá máa fi ìka lu kíbọ́ọ̀dù bó ṣe wù ẹ́, lẹ́tà èyíkéyìí, ọ̀rọ̀ tó o yàn á sì máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi pé ìwọ lò ń kọ ọ́. Ibi tó ti wá gún mi ni pé, bí ìtàn ṣe ń lọ, o ti ń tẹ òótọ́ ọkàn ẹ, gbólóhùn yẹn á dúró lágbedeméjì, á pa ara rẹ̀ rẹ́, nǹkan mìíràn tí kò ní ewu á jáde dípò rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, mo kàn ń wò ó.

Ìràwọ̀Òru
Ẹyẹ, mo gbà pé ó dùn. Ṣùgbọ́n èsì mẹ́ta tí ìdáhùn wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀tàn ni. Mo yan "mi ò fẹ́", ó ní "mo mọ̀ pé wàá fẹ́!" Mo padà lọ yan "bẹ́ẹ̀ ni", ìdáhùn kan náà. Látìgbà náà, ti òkè pátápátá ni mo ń tẹ̀, mi ò kà á mọ́. Èyí burú ju kí bọ́tìnì má sí rárá.

Alágbẹ̀dẹÌtàn
Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀.

Ẹni tó ń yàwòrán fún yín ò jayò pa. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá ní èsì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tún bí mẹ́ta, nígbà tó bá fi dé ìpele karùn-ún, òpin 243 lẹ máa kọ. Lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo! Kò sẹ́ni tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà á yà ni, á sì tún pàdé: èsì mẹ́ta, ìdáhùn kúkúrú mẹ́ta, lẹ́yìn náà gbogbo wọn bọ́ sójú ọ̀nà kan. Ink, irinṣẹ́ ìkọ̀tàn géèmù tí iléeṣẹ́ inkle gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016, mú irú kíkọ bẹ́ẹ̀ rọrùn gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni Yarn Spinner, èyí tí wọ́n lò fún géèmù Night in the Woods. Ẹ sì rántí pé àtẹ̀jíṣẹ́ ni kò náni lówó púpọ̀ lára gbogbo ọ̀rọ̀ inú géèmù. Kò sí òṣèré tó máa wá gba ohùn sílẹ̀, kò sí ẹnu tẹ́ ẹ máa yà kó máa mì. Ìtumọ̀ nìkan ló ń náni lówó, torí gbogbo ìlà pátá lẹ máa túmọ̀, títí kan èyí tí ọ̀pọ̀ ò ní rí láé.

Ìyẹn kọ́ ló gbé mi débí. Gbogbo yín ń béèrè ohun tí èsì máa yí padà. Ẹ padà lọ ka ohun tí AfìkaKọ̀wé kọ́kọ́ kọ. Ẹni tó dán géèmù yẹn wò ò wá yí nǹkan kan padà. Ó fẹ́ kí Sẹ̀wà lọ sùn ni.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ èmi, ohun tí mo máa kọ sábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ Sẹ̀wà nìyí:

– Mo ti dé. Lọ sùn.
– Odò yẹn kún ju bí mo ṣe rò lọ. Tí mo bá délé, màá sọ fún ẹ.
– (má fèsì)

Ìkẹta yẹn, ẹ má yọ ọ́. Èèyàn tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó dákẹ́ ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí géèmù gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ti ẹ̀tàn tí Ìràwọ̀Òru sọ. Mi ò kórìíra kí èsì mẹ́ta gba ìdáhùn kan náà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni kí ẹnikẹ́ni má rántí. Tí mo bá kọ èsì kan, mo gbọ́dọ̀ rí ibì kan níwájú tí wọ́n á ti rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kì í sì í ṣe lórí fóònù, lójúkojú ni. Akọni délé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, Sẹ̀wà ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó yan àkọ́kọ́: "Ẹ ní kí n lọ sùn, mo sì sùn." Ẹni tó yan ìkejì: "Odò ńkọ́? Ẹ ní ẹ máa sọ fún mi." Ẹni tó dákẹ́: ó ṣílẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan, ó padà sínú yàrá. Kò ná yín ju nọ́ńbà kan lọ nínú fáìlì ìpamọ́, 0 tàbí 1 tàbí 2, àti ìlà méjì. Èyí tẹ́ ò bá rí ibi tí wọ́n á ti rántí rẹ̀, ẹ má fi bọ́tìnì sí i. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n ń kà lásán, kí ìrísí rẹ̀ náà sì yàtọ̀ kẹ́nikẹ́ni má bàa máa wá ibi tó máa kọ̀wé sí.

AfìkaKọ̀wé
"Ó fẹ́ kí Sẹ̀wà lọ sùn ni." Mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn.

Ọmọ_Kóńsóòlù
Ó dáa, ẹ ti ń mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Géèmù kan tí mi ò ní dárúkọ: jagunjagun tá a jọ ń rìn kú níwájú mi, a sin ín, orin arò, gbogbo ẹ̀. Èmi tí mi ò kì í ka nǹkan, omi bọ́ lójú mi. Bí a ṣe kúrò níbi sàréè báyìí, fóònù dún. Òun náà ni! Ó ní ṣé mo ti jẹun. Wọ́n tún fún mi ní bọ́tìnì kí n fèsì.

Ìràwọ̀Òru
😂😂😂 Kí lo wá fèsì?

Ọmọ_Kóńsóòlù
Mo ní "ìwọ ńkọ́".

Kòkòrò_Kóòdù
Mo mọ ohun tó fà á láì tiẹ̀ rí kóòdù yẹn. Nígbà tí jagunjagun náà ṣì wà láàyè ni wọ́n ti to àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn sórí ìlà, wọ́n ní kó wọlé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tún bi í bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà. Ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá fẹ́ wọlé ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi mọ sí ìgbà tí ẹ tò ó.

Tí èsì bá sì ti wọ̀ ọ́, ẹ tún un yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n fẹ́ fèsì. Ẹni tó ń gbá géèmù lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀ láì ṣí i fún wákàtí mẹ́wàá, kó ti pa ẹni tó kọ ọ́, kó ti jó ilé rẹ̀, kó wá padà wá tẹ "mo ń bọ̀". Ohun méjì lẹ lè ṣe: kí bọ́tìnì pòórá, tàbí kí ẹ jẹ́ kó kọ ọ́, kó lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì dáhùn. Èkejì yẹn le, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ti àkókò ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Lifeline (2015) fi àkókò gidi ṣe é: Taylor, ẹni tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ẹ nínú rẹ̀, á ní òun fẹ́ rìn lọ síbì kan, ìwọ á dúró tòótọ́ títí á fi dé. Ó bá a mu torí pé àtẹ̀jíṣẹ́ ni gbogbo géèmù yẹn látòkè délẹ̀. Mystic Messenger (2016) le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 11 ni ìtàn rẹ̀, àkókò ojoojúmọ́ tìẹ gan-an sì ni wọ́n ń ṣí ìtàkúrọ̀sọ, títí kan òru. Tí ìtàkúrọ̀sọ kan bá ti kọjá, o lè ka ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ o ò ní lè dá sí i, àfi tó o bá ná ohun tí wọ́n ń pè ní hourglass. Àwọn kan ń fi aago jí ara wọn torí ẹ̀. Tiyín ní ìjà àti ìrìn àjò nínú, aago inú géèmù ni kẹ́ ẹ lò.

ẸyẹÀárọ̀
Ìràwọ̀Òru, o gbàgbé nǹkan kan lórí Mass Effect tó ń dùn ẹ́. Nínú Citadel, àfikún tí wọ́n ṣe fún ìkẹta ní 2013, o lè fi ìwé pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ wá sílé, wọ́n á sì wá. Cyberpunk 2077 náà ní fóònù tó o lè yan èsì lórí rẹ̀ láti 2020 tó ti jáde. Ní December 2023, àtúnṣe 2.1 fi kún un pé olólùfẹ́ ẹ lè wá lo àkókò pẹ̀lú ẹ nínú ilé ẹ, fóònù yẹn náà lẹ sì fi ń ṣètò ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìbọn àti mọ́tò, wọ́n ṣì rí i pé ó yẹ káwọn fi ìyẹn kún un.

Tuntun_ni_mí
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tó bá jẹ́ ìbéèrè òmùgọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi AI sí i, kí èèyàn kọ ohun tó bá wù ú, kí Sẹ̀wà dáhùn fúnra rẹ̀?

Àgbà_Kíbọ́ọ̀dù
Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, àlá àtijọ́ ni. Joseph Weizenbaum kọ ELIZA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ní 1966, ó kàn ń yí ọ̀rọ̀ tó o sọ padà di ìbéèrè ni, síbẹ̀ àwọn kan ń tú ọkàn wọn jáde fún un. Géèmù Façade (2005) jẹ́ kó o máa tẹ ohun tó wù ẹ́ láàárín tọkọtaya kan tó ń jà nínú ilé wọn. Ó dùn, àmọ́ gbólóhùn kan tí wọ́n ṣì gbọ́, wọ́n ti tì ẹ́ síta. AI Dungeon (2019) ló kọ́kọ́ fi irú AI tó ò ń wí yìí ṣe géèmù tó lókìkí.

Alágbẹ̀dẹÌtàn
Kí n fi kún ti ẹ̀gbọ́n. AI á kọ ọ́ dáadáa, ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Tuntun á kọ sí Sẹ̀wà pé "pàdé mi lórí afárá lálẹ́", Sẹ̀wà á ní "mò ń bọ̀". Ta ló yàwòrán afárá? Ta ló kọ Sẹ̀wà tó ń rìn lálẹ́? Ẹni tó ń gbá géèmù á dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Sẹ̀wà ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ohun tí kò sí nínú géèmù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí èèyàn kọ ìlà rẹ̀ fúnra ẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù tí kò sẹ́ni tó fẹnu bà. Tẹ́ ẹ bá máa túmọ̀ géèmù yìí, ẹ kíyè sí "o" àti "ẹ". Nínú Gẹ̀ẹ́sì, èsì tẹ́ ẹ kọ sí ọ̀gá àti èyí tẹ́ ẹ kọ sí Sẹ̀wà lè bára mu. Nínú Yorùbá, Faransé tàbí Jámánì, ọ̀rọ̀ kan yẹn ti sọ irú ẹni tí akọni yín jẹ́. Mo ti fi ìyẹn ṣe èsì rí: gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìkejì láìsí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó yà wọ́n.

AfìkaKọ̀wé
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo yẹ àwọn 64 yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń bi ara mi pé "ta ni máa rántí èyí, níbo?" 19 péré ló rí ìdáhùn. Mo sọ 38 di lẹ́tà orí ìwé tí kò ní bọ́tìnì. Méje tó kù, mo pa wọ́n rẹ́, torí kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n wà.

Mo pe ẹni àkọ́kọ́ yẹn padà, mi ò sọ ohun tó yí padà fún un. Ó sọdá odò, Sẹ̀wà ránṣẹ́, èsì mẹ́ta jáde. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Kò yan ìkankan. Ó wò ó, ó ní "jẹ́ n kọ́kọ́ pa àwọn wọ̀nyí ná", ó bọ́ sójú ìjà, ó gbàgbé. Nígbà tó délé, Sẹ̀wà ṣílẹ̀kùn, ó wò ó, ó padà sínú yàrá láìfọhùn. Ọmọkùnrin yẹn jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní, "Áà. Mi ò dá a lóhùn." Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Sẹ̀wà, ó ń tẹ bọ́tìnì ìfọ̀rọ̀wérọ̀ léraléra.

Mo ti wá kọ ọ̀kan mọ́ ọn báyìí fún orí karùn-ún. Tí èèyàn bá ti dákẹ́ fún Sẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì, Sẹ̀wà á ránṣẹ́ nígbà tí akọni bá dé ẹnubodè: "Mo rí i pé ẹ ti ka ti àná. Ẹ má fèsì tí ọwọ́ yín bá dí. Ẹ kàn ṣí i, kí n lè mọ̀ pé ẹ wà láàyè." Ṣíṣí i nìkan ni èsì rẹ̀.

Ọmọ_Kóńsóòlù
Èyí ju ìlà mẹ́ta lọ tán. Mo kà á.

Kòkòrò_Kóòdù
Ó dára gan-an. Ìbéèrè kan: o sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé ní orí kẹrin, èèyàn lè fi Sẹ̀wà sílẹ̀ nínú iná. Ta ló ń kọ ti orí karùn-ún yìí?

AfìkaKọ̀wé
Ẹ dúró ná.